Ọmọ Alápatà Lórí Ẹṣin

Chicago,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrètí ìwé tó pẹ́ kó tó dé, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀rọ̀ tó ti ṣáájú rẹ̀ dé etí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí pákó ilẹ̀ yàrá tí mò ń gbé ní West Ridge, mo kí yín. Mo kí Ìyá mi. Mo kí Ìyá Sikírà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Múráínà tí ó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní odò ẹran. Sikírà tí ó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí òun náà. Kí ó rọra kà á, kí ó má fo ibì kankan, kódà bí ó bá dé ibi tí kò dùn.

Mo fi ẹ̀dà ìwé yìí kan ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà ní Ṣakí, pé kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má bínú. Ní gbangba yídì ni Lámídì tí a jọ ń gbé níbí ti ròyìn mi ní ọjọ́ Iléyá, lójú gbogbo Ṣakí, nígbà tó ti Chicago wálé wá ṣọdún. Ohun tí wọ́n bá sọ ní gbangba, gbangba náà ni ó yẹ kí a ti dáhùn rẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi mí nínú ìwé yín. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo lọ ń da màlúù. Ẹ ní ṣé òótọ́ ni pé mo ba bàbá àgbàlagbà kan lọ́wọ́ jẹ́. Ẹ wá ní bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo tún ń dúró ṣe níbí, kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ọdún tó parí, nítorí pé ìdí pákó ẹran yín ṣì gba ẹnì kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn ìbéèrè kìíní. Bẹ́ẹ̀ ni náà ni ti ìkejì. Ti ìkẹta ni ó sọ ìwé yìí di gígùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ni owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kò ti gba báńkì kọjá mọ́. Ẹ ń san án ní Ìbàdàn, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ mú sùúrù fún mi ní sáà kan, wọ́n wá ní kí n lọ dúró ná. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ṣe. Àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé yàrá méjì nígbà náà, mẹ́ta nínú wa ni wọ́n dá dúró. Lámídì ní tirẹ̀ ń wa takisí, ó ní kí n wá kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú pópó tí òjò dídì ti bò bà mí lẹ́rù. Bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo rí ìwé pélébé kan lára ògiri ibi tí a ti ń fọ aṣọ: oko màlúù kan lẹ́bàá Plainfield ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò ṣiṣẹ́ títí ìgbà ooru yóò fi parí, wọn yóò fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ. Láti Chicago dé Plainfield kò tó Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn. Mo rò pé bí mo bá ṣe iṣẹ́ náà tán, màá padà sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ kò sì ní gbọ́ ọ rárá.

Ọ̀gá tó ni oko náà bi mí bóyá mo mọ màlúù. Mo ní láàárín màlúù ni wọ́n bí mi sí. N kò purọ́. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹ mọ irú màlúù tí mo mọ̀. Èyí tí Fúlàní ti fà dé, tí a ti dè lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó dùbúlẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀run, ìyẹn ni mo mọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń yọ òróòro láì jẹ́ kí ó tú sí ẹ̀dọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń fọ ṣàkì. Màlúù tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ń wo ojú mi, n kò mọ ìyẹn rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n nawọ́ ìjánu ẹṣin kan sí mi. Ẹṣin tí mo mọ̀ ní Ṣakí ni èyí tí àwọn ìjòyè ń gùn lọ sí yídì, tí ènìyàn méjì á máa fà á. Mo di ìjánu mú, mo dúró, mò ń retí àwọn tí yóò bá mi fà á. Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Mo wá gba apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ún, nítorí ọ̀tún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo bí ẹ ṣe kọ́ mi. N kò mọ̀ pé apá òsì ni wọ́n ti kọ́ ẹṣin ibẹ̀ pé ènìyàn á máa gbà. Ẹṣin náà yí orí padà, ó wò mí bí onílé ṣe ń wo àlejò tó gba ojú fèrèsé wọlé. Lẹ́yìn náà, mo wà nílẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọgbà wáyà mú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé kìnnìún ni àwa ń gùn nílẹ̀ wa ni. Mo ní kìnnìún ni, ó sì sàn ju ẹṣin lọ, kì í gbé ènìyàn ṣubú, ó kàn ń jẹ ẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fẹ́ràn mi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn kò dín ìṣubú mi kù.

Ẹnì kẹta wọn ni bàbá tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Àìsáyà ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, ará Tẹ́sáàsì, ó ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ sì ń da màlúù lórí ẹṣin kí wọ́n tó bí i. Mo sọ fún un pé nínú sinimá tí a ń wò ní Ṣakí, n kò rí kábọ̀ì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú rí. Ó ní sinimá ni kò rí wọn, pé màlúù ń rí wọn. Gbogbo ará oko náà, títí dé ọmọ ogún ọdún, Àìsáyà lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní sà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí ẹṣin òun má baà rò pé ọlọ́pàá wà nítòsí. Òun ń pè mí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí mo bá ti ṣubú, á ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ti lọ kàwé nílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ẹ má rò pé eré ni. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, gàárì ti bó mi ní itan méjèèjì. N kò lè jókòó, n kò sì lè dìde. Bí mo bá lọ sí sùjúùdù, ó máa ń pẹ́ kí n tó gbé orí sókè, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn fún mi ní ìpara kan, mo kà á lára agolo rẹ̀ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo dá a padà. Bàbá Àìsáyà kò bi mí ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ike kékeré kan sórí ibùsùn mi. Ọ̀rá màlúù ni, ó ti yọ́ ọ, ó sì ti sẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ṣí i ni òórùn odò ẹran kún yàrá náà. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú òórùn yẹn, mo sì ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, ohùn rẹ̀ tí ó máa ń jí mi ní àárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo sùn lọ sínú rẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Kò sí òkè kankan, kò sí àpáta, ojú á kàn máa lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀, ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ dé ìdajì ara ẹṣin, a ó wá dà bí ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lórí odò funfun kan. Ẹ kò ní rí màlúù. Mímí wọn ni ẹ ó máa gbọ́. Orí kan á yọ sókè, á wò yín, á tún rì. Bàbá Àìsáyà á súfèé wẹ́lẹ́, odò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níwájú wa lódindi.

Ibẹ̀ ni ohun tó kọ́kọ́ ya mí lẹ́nu wà. Fúlàní tiwa máa ń rìn níwájú, màlúù á tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ẹ̀yìn ni ènìyàn ń wà, ẹ̀rù ènìyàn ni ó ń lé màlúù síwájú. Bí ẹ bá lọ síwájú wọn, ẹ ti dí wọn lọ́nà nìyẹn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo sáré lọ síwájú agbo, mo ń pè wọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Fúlàní ní ọ̀nà Ọ̀gbọ́rọ̀, bí ogójì màlúù sì dojú kọ mí, wọ́n ronú lé mi lórí, wọ́n yí padà, wọ́n wọ inú àgbàdo olóko kejì lọ. Ọjọ́ méjì ni a fi kó wọn jọ. Bàbá Àìsáyà ní òun ti rí ọkùnrin tí màlúù lé, òun ti rí èyí tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dúró níwájú agbo tó ń wàásù fún wọn, èmi ni àkọ́kọ́.

Ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ojúmọ́ gùn jù lọ nínú ọdún. Oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ á fi kọjá. Mo gba ààwẹ̀ náà pé, Ìyá mi, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bàbá Àìsáyà ní bóyá Ọlọ́run mi ń wò ó bóyá ràkúnmí ni mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ fún un, n kò rí i kó mu omi mọ́. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á yí ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀ sí mi ná. Lọ́sàn-án, ebi máa ń mú orí mi fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Màá máa sùn lórí ẹṣin, ẹṣin á máa mọ ọ̀nà. Màlúù á máa lọ níwájú mi, pupa àti dúdú, eruku á máa dìde lẹ́sẹ̀ wọn, oòrùn á sọ eruku náà di wúrà, mo sì máa ń rí ọjà Sángo nínú rẹ̀, mo máa ń rí ojú ilé wa, Ìyá mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa ṣa ẹ̀wà. N kò ní sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin á kọsẹ̀ nínú ihò kan tó dà bíi ti òkété, èmi nìkan á wà lórí pápá náà. Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìdánìkanwà jẹ́, kì í ṣe àìrí ènìyàn. Kí ènìyàn rí gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n má sì dá a lóhùn ni.

Ó kù díẹ̀ kí oṣù kan pé lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ nígbà tí ohun tí ẹ gbọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí Lámídì kò sí níbẹ̀.

Akọ màlúù ńlá kan ní egbò lẹ́sẹ̀, a sì ní láti so ó mọ́lẹ̀ kí a tó lè fi oògùn sí i. Bàbá Àìsáyà ju okùn sí i lọ́rùn, ó sì fi okùn náà yí òpó kan po lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró ní òdìkejì òpó, kí n di ìdí okùn mú kó le, kí n sì nà án sí i nígbà tó bá béèrè, kí ó lè yí i lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá ti yí i po lẹ́ẹ̀mejì, erin kò lè fà á mọ́. Ó nawọ́, ó ní mú un wá. Ọwọ́ òsì mi ni okùn wà. Ọwọ́ òsì náà ni ó sún mọ́ ọn. Bí mo bá nà án sí i bẹ́ẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó nawọ́ sí mi. Bàbá, n kò rò ó. Bí mo bá rò ó, n kì bá tí ṣe é. Ọwọ́ mi ni ó ṣe é fúnra rẹ̀, ọwọ́ tí Ìyá mi ti ń gbá láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí kò fi lè na òsì sí àgbà mọ́. Ó gba okùn kúrò ní òsì, ó bọ́ sí ọ̀tún, kó tó nà án. Kò ju ìṣẹ́jú ojú kan lọ. Inú ìṣẹ́jú ojú yẹn ni màlúù náà ti já síwájú. Okùn tó ti dẹ̀ sáré yí òpó, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Àìsáyà sì wà láàárín okùn àti òpó.

Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Okùn ti gé àtàǹpàkò náà já, àwọn dókítà kò sì lè lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ọ̀gá ní àgbà ti dé sí i, pé ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n kò yẹ kó máa di okùn mú, pé bí oṣù bá parí, kí ó máa lọ sinmi. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Àwọn méjèèjì yòókù wà ní ìdí màlúù, wọn kò rí ọwọ́ mi. Mo dákẹ́.

Ìdí tí mo fi dákẹ́ nìyí, kì í ṣe àwáwí. Bí wọ́n bá lé mi, n kò ní lè padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹsàn-án bí mo ṣe pinnu. Bí n kò bá sì padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìwé tí mo fi ń gbé ilẹ̀ yìí kò dúró mọ́. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà bí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n á sọ̀rọ̀, màá rí ẹnu wọn, ohùn wọn á pẹ́ kó tó dé. Mo ń kírun, ọ̀rọ̀ ìrun kò wúwo lẹ́nu mi. Bàbá Àìsáyà jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, ó ń wo pápá. Ó ṣì ń pè mí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyẹn ni ó burú jù.

Ẹ̀yin ni ẹ yọ mí jáde nínú omi náà, ẹ kò sì mọ̀. Mo rántí ọjọ́ tí ọ̀bẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gé Ẹ̀gbọ́n Múráínà ní ọrùn ọwọ́. Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn gbé ọ̀bẹ tiyín sílẹ̀, ẹ sì jókòó. Gbogbo wa gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹran wà nílẹ̀ tí a kò tíì kun tán, àwọn oníbàárà ti ń ké, oòrùn ń gòkè, ẹ kò wí nǹkan kan, títí ẹni tó ṣe é fi la ẹnu. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ẹ mú ọ̀bẹ yín, ẹ ní ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo tọ ọ̀gá lọ níbi tó ti ń da oúnjẹ màlúù sínú ọpọ́n.

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń pààrọ̀ ọwọ́. Mo ṣàlàyé pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Ó wo ọwọ́ òsì mi, ó wo ọ̀tún, ó ní òun kò tíì rí ìwà ọmọlúàbí tó wọ́n tó báyìí rí. Ó wá sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi: pé ní ọjọ́ kìíní gan-an, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé Bàbá Àìsáyà lọ sí ilé ìwòsàn, ni bàbá náà ti sọ fún òun pé ọwọ́ ara òun ni okùn ti yọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní nǹkan kan. Ọ̀gá rò ó díẹ̀. Ó ní Àìsáyà lè dúró, kí ó máa ṣí géètì, kí ó sì máa ka màlúù wọlé. Èmi, kí n di ẹrù mi kí oòrùn tó wọ̀.

Mo rò pé inú Bàbá Àìsáyà yóò dùn. Ó bá mi ní ìdí ibùsùn mi, ó jókòó, ó bi mí pé ta ni ó rán mi níṣẹ́. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti wà ní oko náà, irọ́ kan ṣoṣo ni òun pa fún ọ̀gá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì bà á jẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí ohun kan jáde nínú àtàǹpàkò náà, ó kéré tán kí ẹnì kan kàwé. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ìyẹn kọ́ ni ó ń dun òun. Ó ní ṣé bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kò sí lára mi ní ọjọ́ kìíní ni. Bí n kò bá sì fẹ́ sọ ọ́, kí n gbé e dé sàréè. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ti olóòótọ́, kì í sì í ṣe ti òpùrọ́ gidi, òun kò mọ ibi tí òun yóò kà mí sí. Mo nawọ́ láti gbé àpótí mi, ó ti yí ojú sí ògiri.

Nítorí náà, Lámídì kò purọ́. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé. Ó kàn fi ẹ̀rín kún un ni.

Láti ìgbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ilé ẹ̀kọ́ gbà kí n padà díẹ̀díẹ̀, ìdajì iṣẹ́ sáà kan ni mò ń kọ́, ìwé mi sì dúró. Òtútù ti ń dé. Ewé igi àdúgbò wa ti pọ́n bí epo, ó ń já wálẹ̀ láì sí atẹ́gùn. Nígbà tí ìwé yín dé, gbólóhùn tó wà nípa ìdí pákó ẹran ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti ká aṣọ mi tán. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kúrò ní ilẹ̀ yìí láì rí ojú bàbá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò tún yí i sí ògiri.

Àná ni mo lọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ní ilé kékeré kan lẹ́yìn Romeoville, níbi tí ó máa ń wà bí iṣẹ́ bá dín kù, ẹṣin ara rẹ̀ àti ewúrẹ́ mélòó kan ló wà níbẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sínú mi láti Chicago, ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì tó gún régé. Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò kí mi. Ó ní ọgbà wáyà òun ti wó ní apá àríwá, ewúrẹ́ òun sì ti di ewúrẹ́ gbogbo ayé. Ó ní ìṣó wà nínú agolo lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí n gbé e.

Bàbá, ẹni tí kò ní àtàǹpàkò lọ́tùn-ún kò lè di ìṣó mú, kò sì lè di òòlù mú dáadáa. Ọwọ́ òsì ni ó fi mú òòlù, ó sì hàn pé kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Èmi ni mo di ìṣó mú. Mo fi ìka mi síbẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Ó gbé òòlù sókè, ó dúró díẹ̀, ó wo ojú mi bóyá màá fa ọwọ́ mi kúrò. N kò fà á. Ó gbá mi ní ìka lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Kò ní kí n má bínú, èmi náà kò ké. Ìgbà kẹta ni ó sọ pé ìṣó ni òun ń wò, kí Kọ́lẹ́ẹ̀jì yé gbé ìka rẹ̀ sí ojú ọ̀nà. N kò sọ ìkankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo tò. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ka òpó tó kù lójú, ó ní ilẹ̀ yóò dì kí oṣù méjì tó pé, òpó kì í wọ inú ilẹ̀ tó ti dì. Kò ní kí n padà wá. Ó kàn kó òòlù àti ìṣó sábẹ́ ìbòrí, ó sì so ìbọ̀wọ́ méjì kọ́ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ó ti rán ojú àtàǹpàkò rẹ̀ pa. Èkejì, ìwọ̀n ọwọ́ mi ni.

Ìdáhùn ìbéèrè kẹta nìyẹn. N kò ní lè wálé ní ọdún yìí. Ẹ fi àyè mi ní ìdí pákó fún ẹlòmíràn, kódà bí ó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí àwọn ará Ṣakí bá bi yín, ẹ ní òótọ́ ni, ọmọ yín da màlúù, ó sì ba àgbàlagbà lọ́wọ́ jẹ́, ẹ ní ó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé.

Kí Ọlọ́run bá mi dá ẹ̀mí yín sí. Kí ọ̀bẹ má ṣì yín lọ́wọ́, kí ọjà má kú mọ́ yín lórí. Ìyá mi, ọwọ́ tí ẹ gbá, àgbà ni ó ń sìn títí di òní, ẹ má bá ara yín wí. Ẹ bá mi kí Alhaji Lẹ́mọ́mù, ẹ kí àwọn ará odò ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí àwọn Fúlàní ọ̀nà Ọ̀gbọ́rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé mo mọ iyì iṣẹ́ wọn báyìí. Ẹ kí Lámídì pẹ̀lú, kí ó tó padà wá. Bí ẹ bá sì ń ṣàdúà lẹ́yìn ìrun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ Àìsáyà.

Èmi ni, pẹ̀lú ìka tó wú,
ọmọ yín,
Sùlèmánù.